Kọ́bọ̀ Orí Omi Dídì

Ẹnikẹ́ni tó bá tún ṣí fíríìjì nínú ilé mi láti wò ó bóyá ó tutù, kó jọ̀ọ́ kó pa á dé kíá, nítorí ó ti sú mi. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń sọ ọ́. Bí o bá ṣí i, òtútù á jáde. Bí òtútù bá jáde, kò tutù tó bó ṣe yẹ mọ́. Ìwọ tó o fẹ́ mọ̀ bóyá ó bàjẹ́, ìwọ lo wá bà á jẹ́. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́tí, mo ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹ́ja, mo ti sọ ọ́ fún àwọn dókítà tí wọ́n kàwé títí irun fi tán lórí wọn. Mo sì sọ ọ́ fún ìyá àwọn ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ náà, n kò jẹ́ tún un sọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò mi tí ẹ ń bi mí léraléra pé, “Ańkù Délé, ṣé iṣẹ́ fíríìjì dáa láti kọ́?” ìdáhùn mi nìyí. Ó dáa, bí ẹ bá lè fara da àwọn èèyàn. Ẹ̀rọ kì í ṣe wàhálà. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ kì í bá èèyàn jiyàn pé òun kò bàjẹ́. Èèyàn ló máa ń jiyàn. Mo fi gbogbo ayé mi ṣe iṣẹ́ yìí láàárín Agége sí Ìkẹjà, mo sì rí i pé àwọn tó ni ẹ̀rọ ló yẹ kí n máa tún ṣe.

Abẹ́rẹ́ ló sọ mí di oníṣẹ́ fíríìjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn elétò ìlera wá gún wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí mo ṣe rí obìnrin àkọ́kọ́ nínú wọn tó ń gbé abẹ́rẹ́ sókè, tó ń fi ìka ta á, fèrèsé ni mo gbà jáde. Fèrèsé náà ga ju èmi lọ. Títí di òní, n kò mọ bí mo ṣe gùn ún. Nígbà tí mo wá parí ìwé mẹ́fà, ilé ẹ̀kọ́ tó kàn ní àfi kí àwọn gún mi lábẹ́rẹ́ kí n tó wọlé. Mo ní kí wọ́n máa gbádùn ilé ẹ̀kọ́ wọn. Bàbá mi wò mí títí, ó ní, “Ẹni tó lè fo irú fèrèsé yẹn, á lè gbé ẹ̀rọ.” Bó ṣe mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Jákọ́bù ní Dópẹ̀mú nìyẹn.

Ọmọ Èkìtì ni Ọ̀gá Jákọ́bù. Aládùúrà ni, ó máa ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi, á sì rìn láìwọ bàtà láti ilé rẹ̀ dé ilé ìjọsìn. Láti ọjọ́ Ajé, kakí búlúù ló máa ń wọ̀, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà ló fi ń wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá rí èérí ọ̀rá kan péré nílẹ̀, á bú ẹ ní Èkìtì, á wá tún un sọ ní Yorùbá tí a fi ń sọ̀rọ̀ l'Ékòó kí ó lè dá ẹ lójú pé o gbọ́.

Gbogbo ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá míì ti ń fi iná jó páìpù, wọ́n ti ń rọ gáàsì sínú ẹ̀rọ, wọ́n ti ń ṣe fàájì. Èmi ńkọ́? Ọ̀gá mi ní kí n jókòó ti fíríìjì kan, kí n máa gbọ́ ọ. Kí n má fọwọ́ kàn án, kí n má tú u. Kí n ṣá máa gbọ́.

“Kí ni mo fẹ́ gbọ́, sà?”

“Ohun tó ń sọ.”

“Kò sọ nǹkan kan, sà. Ó kàn ń kùn ni.”

“Ìwọ náà ń kùn. Gbọ́ ọ.”

Mo jókòó tì í títí oòrùn fi yí. Inú bí mi dé ibi tí mo fi ń sọ̀rọ̀ sí fíríìjì náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àṣálẹ́, mo gbọ́ ọ: ó ń gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde, á kùn díẹ̀, á ta kọ́ọ́, á dákẹ́. Iná tó ń wọ inú rẹ̀ kò tó. Mo sọ fún ọ̀gá mi. Kò yìn mí. Ó ní, “Nígbà tí mo gbé ẹ jókòó láàárọ̀ ló ti ń sọ ọ́,” ó sì bá tiẹ̀ lọ. Irú ìyìn tó máa ń fúnni nìyẹn.

Ọ̀gá mi ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀. Ẹ fetí sí i, nítorí òun ni gbogbo ìtàn yìí dá lé. Wàá bu omi sínú kọ́ọ̀bù kan tí ojú ń rí inú rẹ̀, wàá gbé e sínú fíríísà kó dì. Tó bá ti dì gbagidi, wàá fi kọ́bọ̀ kan lé orí rẹ̀, wàá dá a padà, wàá sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bí iná bá lọ tó sì pẹ́, omi náà á yọ́, kọ́bọ̀ á rì sísàlẹ̀. Bí iná bá dé, omi á tún dì, gbogbo nǹkan inú fíríísà á tún le bí òkúta, olúwa rẹ̀ á sì máa búra pé kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kò lè gòkè padà. Ìsàlẹ̀ ló máa wà, á máa wò ẹ́.

Ìyá kan wà ní Agége tó ń ta ẹja dídì. Ó pè wá pé ẹ̀rọ òun ń pariwo. Ọ̀gá mi yọ kọ́ọ̀bù tó ti gbé síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, ó rí kọ́bọ̀ nísàlẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹja yìí ti yọ́ rí. Ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni.” Ìyá náà búra, ó sunkún, ó pe ọ̀gá mi ní ọ̀tá ilé rẹ̀. Ọ̀gá mi dúró síbẹ̀ bí òpó iná títí ìyá náà fi kó gbogbo ẹja rẹ̀ dànù. Èmi ti ń wá ọ̀nà àbáyọ, nítorí mo rí i pé ìyá náà ti di ọ̀bẹ ẹja mú. Ọ̀gá mi kò tiẹ̀ wo ọ̀bẹ.

Nígbà tí mo gba òmìnira, kọ́bọ̀ pupa kan ló fún mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gba àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Èmi gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n lọ máa ṣiṣẹ́.

Mo ṣiṣẹ́. Mo tún ẹ̀rọ ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì àti àwọn tó ń ṣe oògùn lọ́nà Ìkẹjà, fún ilé ìtura, fún ilé òkú. Bí mo ṣe ń mọ irú gáàsì kan dunjú ni wọ́n á ní kí a má lò ó mọ́, ó ń ba ojú ọ̀run jẹ́. Bí mo ṣe mọ kọ̀ǹpúrésọ̀ tó wúwo bí ọlọ, tí kì í bàjẹ́, ni wọ́n kó ti ìsinsìnyí dé, èyí tó fúyẹ́ bí agolo mílíìkì, tó sì máa ń kú bí agolo mílíìkì. Tòkunbọ̀ wá kún ìgboro, ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó ti sọ nù, àwa ń nù ún lójú, a ń pè é ní tuntun. Mo bá wọn tún un ṣe. Mo ń ráhùn, mo sì ń tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà gbé ìjọba fún àwọn alágbádá. Ara gbogbo ènìyàn yá gágá. Wọ́n ní iná á dúró. Wọ́n ní omi á máa yọ. Àwọn tó ti sá lọ sí òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, ọ̀kan nínú wọn ni Dókítà Fúnkẹ́.

Obìnrin kékeré kan ni, ó wọ gíláàsì ojú tó tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Ó gba ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan tó ti kógbá wọlé lẹ́yìn Ìkẹjà, ó kun ún ní funfun, ó sọ ọ́ di láàbù ìwádìí ìṣègùn. Òórùn bọ́tà kò kúrò lára ògiri náà títí láé. Ó gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa bójú tó fíríísà àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Fíríísà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ lásán kan irin inú rẹ̀, awọ ọwọ́ yín á lẹ̀ mọ́ ọn.

“Kí ni a fẹ́ kó sínú rẹ̀, Mà?” mo bi í.

“Àwọn apani,” ó fèsì.

Mo sún sẹ́yìn. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn kọ̀ọ̀kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n bí mọ́ ọn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá sẹ́ẹ̀lì tó ti yàyàkuyà kiri, irú èyí tó ń di jẹjẹrẹ, kí wọ́n pa á. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ wọn. Wọn kì í dúró kí wọ́n gba àṣẹ. Apani àbínibí ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì í pọ̀ tó, wọ́n sì máa ń ṣìnà. Tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, a lè ṣa àwọn apani jáde níbẹ̀, ká sìn wọ́n kí wọ́n pọ̀ sí i, ká fi wọ́n pamọ́ sínú òtútù títí ọjọ́ tí a máa lò wọ́n.

“Mà, ṣé wọ́n lè jáde?”

“Jáde níbo?”

“Nínú fíríísà, Mà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì rẹ̀ láti nù ún. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, mo máa ń kan ilẹ̀kùn fíríísà náà kí n tó ṣí i. N kò ní kí wọ́n dáhùn o. Ọ̀wọ̀ lásán ni.

Ibi tí ọgbọ́n Dókítà Fúnkẹ́ gan-an wà ni ìyẹ̀fun irin. Ó ní ìgò kékeré kan tí omi pupa rúsúrúsú wà nínú rẹ̀, bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Ẹ̀rún irin ló kún inú rẹ̀, tó kéré dé ibi tí ojú kò lè rí i. Mo ní báwo ló ṣe kéré tó? Ó ní bí a bá fẹ irun orí kan títí ó fi gbòòrò tó títì Agége, ẹ̀rún kan nínú ìgò yẹn kò ní ju òkúta wẹ́wẹ́ kan lọ lórí títì náà. Mo wo ìgò náà. Orí fọ́ mi.

Ó ní òun á jẹ́ kí àwọn apani gbé ẹ̀rún irin wọ̀nyí mì. Nígbà tí òun bá wá dà wọ́n sínú ara aláìsàn, òun á gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé ibi tí jẹjẹrẹ wà. Dípò kí wọ́n máa rìn gbéregbère káàkiri ara, ibẹ̀ ni gbogbo wọn á máa wọ́ lọ. Ó gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ ìgò náà. Omi pupa yẹn ṣí lọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi tó kù sì mọ́ lóló.

Lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá Jákọ́bù wà níjòókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti dàgbà nígbà yẹn, ó ti pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì, àmọ́ kò lè jókòó sílé. Ó máa ń wá síbi iṣẹ́ mi kó lè máa sọ fún mi pé mo ń ṣe é bí kò ṣe yẹ. Ó wo ìgò náà, ó ní, “Bíi ti rọ́bà ilẹ̀kùn fíríìjì.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá,” Dókítà fèsì. “Mágínẹ́ẹ̀tì inú rọ́bà ló ń fa ilẹ̀kùn mọ́ra.”

Ọ̀gá mi mi orí. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ní, “Ṣé ó lè fà á dé ibí?”

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti sọ fún un ní ọsibítù pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, wọn kò sì ní nǹkan míì fún un ju oògùn ìrora lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n bí epo, èmi rò pé ibà ni.

Dókítà jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, “Bàbá, kò tíì yá. Inú eku la ti máa kọ́kọ́ dán an wò. Bó bá ṣiṣẹ́ nínú eku, a ó tọrọ àṣẹ láti dán an wò lára èèyàn.”

“Nítorí náà, èmi ló kàn lẹ́yìn eku.”

“Bàbá, n kò ṣèlérí.”

“N kò ní kẹ́ ẹ ṣèlérí. Mo ní mo wà lórí ìlà.”

Kò tíì yá! Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bí mi nínú tó. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá mi ń gbẹ lọ níṣojú mi, ikùn rẹ̀ ń wú, eku funfun ń jẹun nínú àgò, ẹnu Dókítà kò sì kúrò lórí kò tíì yá. Mo bá a jà lọ́jọ́ kan. Mo ní, “Mà, ẹ ní apani, ẹ ní irin, ẹ ní mágínẹ́ẹ̀tì. Kí ló tún kù?” Ó ní, “Ó kù kí n mọ̀ pé kò ní pa bàbá yín.” Òótọ́ ló sọ, ìyẹn sì tún bí mi nínú sí i.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ló fi ń sin àwọn apani. Wọ́n á wá, wọ́n á na apá, wọ́n á mu mílíìkì, wọ́n á lọ. Ó máa ń wò mí. Mo máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi kò pọ̀, mo sì máa ń rántí pé jẹnẹrétọ̀ nílò mi. Ọ̀gá mi á máa rẹ́rìn-ín sínú lórí bẹ́ǹṣì. Òun ni bàbá mi sọ ìtàn fèrèsé fún.

Àwọn àlejò kan ń bọ̀ láti òkè òkun lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé Ọdún Àjíǹde. Bí wọ́n bá fojú ara wọn rí i tí àwọn apani wọ́ lọ bá jẹjẹrẹ lára eku, wọ́n á fi owó gbé iṣẹ́ náà lọ́wọ́, Dókítà á sì lè tọrọ àṣẹ. Gbogbo apani tó ti sìn wà nínú fíríísà mi, nínú ìgò tí kò tó ìka ọmọdé. Fíríísà náà ní nọ́ńbà pupa lójú tó ń sọ bó ṣe tutù tó, ó sì ní aago tó máa ń ké bí nǹkan bá ṣe é. Síbẹ̀, ọ̀gá mi ní kí n gbé kọ́ọ̀bù síbẹ̀. Dókítà ní kò pọn dandan, ṣùgbọ́n bó bá ti dùn mọ́ Bàbá nínú. Kọ́bọ̀ tí ọ̀gá mi fún mi nígbà òmìnira ni mo gbé lé e. Nígbà yẹn, kọ́bọ̀ kò ra nǹkan kan mọ́ ní ìlú yìí.

Mo lọ sí ìlú mi fún ọdún. Mo fi Kọ́pù ṣọ́ ibẹ̀. Kọ́pù ni máigádì wa, ó ti ṣe sójà rí, kò sì jẹ́ kí a gbàgbé. Mo sọ fún un pé, “Bí iná bá lọ, tan jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá dé, yí i padà sí iná ìjọba.” Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gágun.

Nígbà tí mo padà, gbogbo nǹkan mọ́ nigínnigín. Nọ́ńbà pupa wà níbi tó yẹ kó wà. Ọ̀gá mi ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó fi aṣọ òtútù bora nínú ooru.

“Kọ́pù, báwo ni iná?”

“Ọ̀gá, iná ò lọ rárá! Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti lọ. Ìjọba alágbádá yìí mà dáa o.”

Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti lò nínú iṣẹ́ yìí, n kò rí irú iná bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, “Gílóòbù tàn dáadáa?”

“Ó tàn. Ó pọ́n díẹ̀ ni, bí ojú ẹni tí kò sùn. Àmọ́ ó tàn.”

Ọ̀gá mi gbé orí sókè.

“Aago ńkọ́? Ṣé ó ké?” mo bi í.

“Aago yẹn ya wèrè ni. Ó ké títí, bẹ́ẹ̀ iná wà. Mo tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n n kò fi ṣeré o, Ọ̀gá. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo ń ṣí fíríísà wò bóyá ó tutù. Ó tutù!”

Ẹ sọ fún mi, kí ni mo lè sọ? Ìdajì iná ló wà. Ó tó láti tan gílóòbù, kò tó láti gbé ẹ̀rọ dìde. Bí fíríìjì tí mo jókòó tì ní Dópẹ̀mú nígbà ọmọdé gẹ́lẹ́: ó kùn, ó ta kọ́ọ́, ó dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tó kún fún díísù wà lẹ́yìn ilé, ẹnikẹ́ni kò tan án, nítorí pé iná wà. Nígbà tí iná gidi wá dé, gbogbo nǹkan tún dì padà. Ọkùnrin náà kò sì parọ́. Ká ní ó parọ́ ni, ǹ bá rí nǹkan bú u sí.

Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ṣí fíríísà. Lọ́jọ́ yẹn, n kò kan ilẹ̀kùn. Mo yọ kọ́ọ̀bù. Orí omi dídì náà ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Kọ́bọ̀ dà?” ọ̀gá mi bi mí láti orí bẹ́ǹṣì.

“Ó wà níbẹ̀, sà.”

“Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òkè ni àbí ìsàlẹ̀?”

Mo yí ìdí kọ́ọ̀bù sí i. Kọ́bọ̀ pupa náà ń wò wá láti ìsàlẹ̀.

Kọ́pù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ̀yin èèyàn yìí náà! Nítorí kọ́bọ̀ tí kò ra gúgúrú? Ta ló máa mọ̀? Ẹ fi òmíràn sórí rẹ̀, ó parí. Àwọn òyìnbó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú.”

N kò bú u. Mo wo ọ̀gá mi. Mo ní, “Ọ̀gá, bóyá díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè. Bí àwọn àlejò bá lọ láìrí nǹkan kan, iṣẹ́ yìí á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà lórí ìlà.”

Ó fa aṣọ òtútù rẹ̀ mọ́ra. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Délé, ìyá ẹlẹ́ja yẹn, kí ni mo sọ fún un?”

“Ẹ ní kó má tà á fún ẹnikẹ́ni.”

“Ẹja lásán sì nìyẹn.”

“Ọ̀gá…”

“Gbé e lọ fún Dókítà. Tètè, kó tó yọ́ lọ́wọ́ ẹ. Bó bá yọ́, kò sí ẹ̀rí mọ́.”

Mo sáré. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo ń fi kọ́ọ̀bù omi dídì sáré gba inú ilé bisikíìtì, omi ń kán sí mi lẹ́sẹ̀, mo ń bú ìjọba, mo ń bú gílóòbù, mo ń bú Kọ́pù, mo sì ń bú ọ̀gá mi jù wọ́n lọ. Dókítà Fúnkẹ́ gba kọ́ọ̀bù náà, ó yí i, ó rí i. Ó yọ ìgò kan nínú fíríísà, ó yọ́ ọ, ó gbé e sábẹ́ awò tí wọ́n fi ń rí nǹkan kéékèèké. Nígbà tó gbé ojú kúrò níbẹ̀, ó ní, “Òkú ni wọ́n.” Ó yọ òmíràn. Òkú ni àwọn náà.

Ó sọ fún àwọn àlejò nígbà tí wọ́n dé. Ó tiẹ̀ fi kọ́bọ̀ hàn wọ́n. Wọ́n gbọn orí, wọ́n ní irú òótọ́ inú báyìí ṣọ̀wọ́n, wọ́n ya fọ́tò kọ́bọ̀, wọ́n sì padà sí pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní kí a pe àwọn bí nǹkan bá yá. Àwọn náà! Kò tíì yá.

Bí ọkọ̀ wọn ṣe jáde, Dókítà ká ọwọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sókè. Ó ní òní ni àwọn máa tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé ṣì wà ní ìsinmi, kò sí ẹlẹ́jẹ̀. Kọ́pù dìde, ó lọ jókòó, ó na apá rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn rẹ̀, àga náà ṣófo. Dókítà kò wò mí. Ọ̀gá mi ló wò mí.

“Ẹ̀jẹ̀ tèmi kò wúlò fún wọn mọ́,” ó ní. “Mo ti béèrè.”

Mo wo fèrèsé. Wọ́n ti fi irin dí i. Mo jókòó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kì í dunni. Kí abẹ́rẹ́ tó dé ara mi ni mo ti ń ké. Òógùn bò mí, orúkọ Ọlọ́run tí mo pè lọ́jọ́ yẹn ju ti gbogbo Ọdún Àjíǹde lọ. Kọ́pù, tó ń mu mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bojú rẹ̀ nítorí ìtìjú tèmi. Ọ̀gá Jákọ́bù dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wọ́ ẹsẹ̀ wá, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ti pọ́n mú àgbọ̀n mi, ó sì yí ojú mi sí ògiri.

“Má wò ó,” ó ní. “Ìgbà wo lo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀? Má ṣí i wò.”

Mo wo ògiri tó ń rùn bíi bọ́tà. Nígbà tí mo máa mọ̀, wọ́n ti ṣe tán.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí àwọn apani tuntun pọ̀ tó láti kó pamọ́. Ọ̀gá mi kò rí i. Wọ́n fi aṣọ funfun sin ín láìwọ bàtà, bí wọ́n ṣe ń sin àwọn ara ìjọ wọn. Mo gbé kọ́bọ̀ náà lé orí omi dídì tuntun, mo sì kọ́ Kọ́pù bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn àlejò padà wá, kọ́bọ̀ wà lókè, wọ́n rí i tí àwọn apani wọ́ lọ síbi tí mágínẹ́ẹ̀tì wà lára eku. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo jáde síta lọ wo jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo ń gbọ́ pé kárí ayé, wọ́n ti ní oríṣiríṣi ẹ̀rún tín-tìn-tín tí wọ́n ń fi ran àwọn apani lọ́wọ́: òmíràn ń gbé oògùn fún wọn, òmíràn ń ta wọ́n jí bí ó bá rẹ̀ wọ́n. Mo béèrè lọ́wọ́ Dókítà Fúnkẹ́ lórí fóònù láìpẹ́ yìí pé, ṣé ó ti yá? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó ń yá, Bọ̀dá Délé.” Ó kéré tán, ó ti yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ wá. Kọ́bọ̀ náà wà nínú fíríísà mi nílé, ẹ kò sì gbọdọ̀ ṣí i wò. Ní tèmi, mo ṣì ń lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ọsibítù, títí ọjọ́ tí wọ́n máa ní mo ti dàgbà jù. Mo máa ń ké. Àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ̀ mí. Wọ́n á gún mi tán, wọ́n á fi òwú dí i, wọ́n á ní, “Bàbá, ó ti tán o, ẹ lè wò ó báyìí.”

N kì í wò ó.